Gbogbo Aṣọ Kọ́ Là Ń Sá Lóòrùn: Àríwísí lórí Fífi Tábúlẹ́ẹ̀tì Ṣe Fóònù Ojoojúmọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Aṣọ tí ó bá ya, tàbí tí ó bá ní àbàwọ́n, ẹ̀yìnkùlé ni ọlọ́gbọ́n ń sá a sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan wà fún ojú ọjà, ọ̀rọ̀ kan sì wà fún inú yàrá. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ohun èlò kan ti wọ àárín wa tí ó ń kó aṣọ inú yàrá jáde sí ojú títì, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Ohun èlò náà ni ẹ̀rọ alágbèéká ńlá tí à ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò wa kàn ń pè ní táàbù.

Èmi kò bá táàbù jà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe àríwísí sí nínú àròkọ yìí ni bí a ṣe sọ ọ́ di fóònù ojoojúmọ́, tí a fi ń gba ìpè ọmọ, ìpè dókítà, ìpè báńkì àti ìpè ẹbí láàárín èrò. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ yìí dára fún ojú, ṣùgbọ́n kò dára fún etí. Ẹni tí ó sì ń jìyà rẹ̀ jù lọ ni ẹni tí ó wà ní òdìkejì ìpè náà, ẹni tí kò rí ibi tí ohùn rẹ̀ ń bọ́ sí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tí ó dé yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1973, Martin Cooper, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Motorola, dúró ní òpópónà kan ní ìlú New York, ó sì fi fóònù àfọwọ́gbé pe ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ tí ó gbé sétí lọ́jọ́ náà wúwo ju kílò kan lọ. Nígbà tí irú rẹ̀ fi máa dé ọjà ní ọdún 1983, ó ṣì rí bí bíríkì. Láti ìgbà náà, nǹkan bí ogún ọdún ni àwọn tó ń ṣe fóònù fi ń wá bí yóò ṣe kéré sí i. Nokia 3310 tí ó jáde ní ọdún 2000 kò wúwo ju gíráàmù 133 lọ. Irú fóònù kékeré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa kọ́kọ́ rà nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001. Ó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ohùn inú rẹ̀ kì í sì í ju etí ẹni tí ó gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà ni àgbá yí padà. iPhone àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 2007 ní ojú tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 3.5. Ní ọdún 2011, Samsung gbé Galaxy Note jáde, íǹṣì 5.3 ni tirẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni yóò gbé pátákó sétí. Ṣùgbọ́n kò tó ọdún kan tí ilé-iṣẹ́ náà fi kéde pé mílíọ̀nù 10 ti tà. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ti kọ́kọ́ gbé Galaxy Tab jáde ní ọdún 2010. Íǹṣì 7 ni ojú rẹ̀, ó sì wúwo tó gíráàmù 380, bí ẹni pé a di Nokia 3310 mẹ́ta pọ̀. Ó ń gba káàdì síìmù, a sì lè fi í pe ènìyàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò ní ihò kékeré tí à ń gbé sétí láti gbọ́ ohùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi sọ̀rọ̀, bí kò lo íàpíìsì, sípíkà ni yóò lò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára nípa ẹ̀rọ yìí, nítorí agbẹjọ́rò tí ó gbọ́ ẹnu ẹnìkan dá ẹjọ́, àgbà òṣìkà ni. Ojú àwọn àgbàlagbà kì í ríran dáadáa mọ́. Ìyá mi àgbà kò lè ka orúkọ ẹni tó ń pè é lórí fóònù kékeré, ṣùgbọ́n lórí táàbù, lẹ́tà tóbi tó ìka rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù bá pè é, ó ń rí ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ kedere, ó sì ń mọ̀ bóyá ó sanra tàbí ó rù. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2013 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tábúlẹ́ẹ̀tì ni òun náà, tí wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò sí nínú. Èyí fi hàn pé ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún gan-an ni kíkà àti wíwò. Àwọn oníṣòwò ń fi í han oníbàárà ní àwòrán ọjà. Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Ẹni tí kò lè ra fóònù kan àti táàbù kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó bọ́gbọ́n mu kí ó ra ẹyọ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì. N kò lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ fóònù pípè gan-an. Fóònù tí a dìídì ṣe fún etí ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní ni ihò ìgbọ́hùn lókè, tí ohùn rẹ̀ kò ju kí etí kan gbọ́. Èkejì ni ẹnu ìsọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, tí kò jìnnà sí ẹnu wa. Ẹ̀kẹta ni ojú kékeré kan tí ó ń mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti sún mọ́ ọn, tí yóò sì pa iná ojú fóònù kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà tẹ ohun tí a kò rán an. Bí ihò ìgbọ́hùn kò bá sí lára táàbù, kò sí bí a ṣe fẹ́ gbé e sétí tí a ó gbọ́ nǹkan kan. Àwọn kan wà tí wọ́n ní in. Asus Fonepad tí ó jáde ní ọdún 2013 ní in, íǹṣì 7 ni òun náà. Ṣùgbọ́n íǹṣì 7, bí a bá wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, ó sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 18. Ẹni tí ó bá gbé e sétí, ńṣe ni ó bo ìdajì ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó fi àwo bojú. Ọwọ́ á ro ó, ojú á sì tì í. Láìpẹ́, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí itan, yóò tẹ sípíkà, yóò máa pariwo sí i. Báyìí ni gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ ṣe ń di ara ẹbí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ wà ní kíláàsì. Ó gbà mí láàyè láti sọ ìtàn yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí a wà ní JSS 2, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gbé. Onídìrí ni ìyá rẹ̀. Ó ra táàbù kí ó lè máa fi àwòrán irun han àwọn oníbàárà rẹ̀, owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó ra fóònù mìíràn nígbà tí ti àtijọ́ bàjẹ́, ni ó bá ki síìmù rẹ̀ bọ inú táàbù náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lóru. Ojú tì í, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó tọrọ fóònù lọ́wọ́ mátíróònù, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ, ó sì pe ìyá rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Mo tún ń tọ̀ sílé.”

Ní òdìkejì, táàbù fẹ̀yìn ti dígí ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ń dirun lọ́wọ́, òróró wà ní gbogbo ìka rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ìka kan ṣoṣo gba ìpè náà, ohùn ọmọ rẹ̀ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà mẹ́ta ni ó wà lórí ìjókòó. Ọ̀kan nínú wọn ní àbúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Yorùbá ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Kí ọjọ́ àbẹ̀wò òbí tó pé, gbogbo yàrá àwọn ọmọbìnrin ti gbọ́. Wọ́n fi í kọrin. Wọ́n ń fi imú sùn-ùn bí ó bá ń kọjá.

Ìyá rẹ̀ sunkún nígbà tí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí kò fẹ́ ibi fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rẹ́ mi bá pe ilé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Mọ́mì, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?” Bí ìyá rẹ̀ bá ní kò sí ẹnikẹ́ni, kì í gbà á gbọ́ tán. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ibà dá a wó, ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ara òun le. Ilé ìwòsàn ni ìyá náà ti wá mọ̀ pé ọmọ òun ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka àròkọ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ tí ẹ bá tú àṣírí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, yóò kọ́ láti máa dákẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ gidi bá wá dé, ẹ̀yin ni ẹ ó gbọ́ gbẹ̀yìn.

Àwọn baba ńlá wa kò ní fóònù, síbẹ̀ wọ́n mọ iyì àṣírí nínú ìránṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ẹni tó jìnnà sọ̀rọ̀, wọ́n a máa di àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ lè sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ fà sí i, nítorí pé ẹẹ́fà àti fífà jọ ara wọn lẹ́nu. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ ti ìjọra àti ìrẹ́pọ̀. Ẹni tí a rán lè gbé e la ìlú mẹ́ta kọjá láìmọ ohun tí ó gbé. Àwọn ọ̀dọ́ sì ní ẹnà, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lójú ẹni tí kò yẹ kí ó gbọ́. Ó dùn mí pé àwa tí a ní ẹ̀rọ tí ó lè gbé ohùn wa kọjá òkun láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a kò lè pa ohùn náà mọ́ kọjá ìjókòó tó kàn wá nínú ọkọ̀.

Ewu náà kò mọ sí ojú títì nìkan. Ó kan owó pẹ̀lú. Nínú ọkọ̀ akérò, mo ti gbọ́ tí ọkùnrin kan ń ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sí ẹnu táàbù, tí ẹni tí ó wà ní òdìkejì sì ń tún un kà sókè kí ó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ ìbí rẹ̀ tẹ̀lé e, àti nọ́ńbà 11 ti BVN rẹ̀. Ohun tí olè fi ń jí owó lóde òní nìyẹn, ọkùnrin náà sì pín in fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kan ìlera pẹ̀lú. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ oyún, ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí, gbogbo rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ láti inú sípíkà. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 37, dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù. Òfin lè sọ fún ìjọba pé kí ó má fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́nà àìtọ́. Ṣùgbọ́n àǹfààní wo ni òfin náà ṣe fún wa bí àwa fúnra wa bá ń gbé ọ̀rọ̀ náà sí gbangba?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, “Èmi kò ní àṣírí kankan, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ máa gbọ́.” Ó dára. Ṣùgbọ́n ìpè kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹni méjì ló ni ín. O lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá tìrẹ sílẹ̀ bí ó bá wù ọ́, o kò ní àṣẹ láti ṣí ti ẹnìkejì rẹ.

Àwọn mìíràn á ní a ti ń sọ̀rọ̀ ní gbangba tipẹ́, pé nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, abẹ́ agboòrùn ẹ̀bá títì ni àwọn èèyàn ti ń sanwó pe ẹbí wọn, tí oníṣòwò ìpè á jókòó tì wọ́n. Òótọ́ ni, ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni oníṣòwò yẹn ń gbọ́. Bí ìyá mi bá ní, “Háà! Ìgbà wo? Ṣé ó ti dìde?”, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ṣubú tàbí ẹni tó ń ṣàìsàn. Inú etí ìyá mi ni ìdajì tó kù wà. Sípíkà ni ó mú ìdajì kejì yìí jáde, ìdajì kejì náà sì ni ọ̀rọ̀ àlejò tí kò mọ̀ pé òun wà lójú agbo.

Àríwísí kẹta ni ó wúwo jù lójú mi. Wọ́n á ní àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń wúwo kò lè gbọ́ láìsí sípíkà. Èyí jẹ́ òótọ́, n kò sì ní sọ pé kí wọ́n gba táàbù lọ́wọ́ ìyá mi àgbà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà lè wọ inú yàrá lọ gba ìpè rẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ó kọ́kọ́ sọ pé, “Ọmọ mi, sípíkà ni mo fi ọ́ sí o, bàbá rẹ àti àwọn àlejò wà níbí.” Gbólóhùn kan péré ni. Ẹni tó pè á mọ ohun tí yóò sọ àti ohun tí yóò fi pamọ́ di ìgbà mìíràn.

Kí ni ṣíṣe nígbà náà? Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ fún. Ẹ̀rọ tí ẹ bá fi ààyè síìmù sí, tí ẹ sì sọ pé a lè fi pe ènìyàn, ẹ fún un ní ihò ìgbọ́hùn, tàbí kí ẹ fi íàpíìsì sínú páálí rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Nígbà tí Nokia gbé N-Gage jáde ní ọdún 2003, etí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ gbé sí etí, gbogbo ayé sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún un ṣe. Bí àríwísí àwọn oníbàárà bá lè yí ọkàn ilé-iṣẹ́ ńlá padà nígbà náà, ó lè yí i padà lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo táàbù, íàpíìsì olókùn kò wọ́n tó owó táàbù rárá. Ẹ so ó mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ọwọ́ bá tó o, fóònù kékeré oníbọ́tìnì tí ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí lè gba síìmù tí ẹ fi ń gba ìpè, kí táàbù máa ṣe iṣẹ́ kíkà àti wíwò rẹ̀. Onídìrí, télọ̀ àti alásè tí ọwọ́ wọn kò mọ́ lè jẹ́ kí ìpè náà dún lọ, kí wọ́n pè padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nu ọwọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí, ẹ fi ẹ̀tọ́ ẹni tó wà ní òdìkejì fóònù kún un. Àwa ọmọ náà ní iṣẹ́ tiwa. Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, kí a béèrè bóyá ẹni tí a pè wà níbi tí ó ti lè gbọ́ ọ.

Ní ìparí, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. N kò kọ àròkọ yìí láti kọ́ àwọn àgbà ní ìwà, nítorí ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a má jẹ́ kí títóbi ẹ̀rọ mú wa gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Ojú ẹ̀rọ lè fẹ̀ tó bí ó ti wù kí ó fẹ̀. Ohùn ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, etí ìyá rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó dé.